Chaconne ti Bach fún Fáyólíìnì Kan Ṣoṣo: Kíì, Ìyára àti Ìhun Rẹ̀

Chaconne ni orin tí Johann Sebastian Bach fi kádìí Partita rẹ̀ kejì, èyí tí àwọn olórin ń fi nọ́ńbà BWV 1004 mọ̀, ó sì jẹ́ orin tí a kọ fún fáyólíìnì kan ṣoṣo, láìsí dùùrù tí yóò máa gbè é, láìsí akọrin, láìsí ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 1720 ni ó wà lójú ewé ìwé tí Bach fi ọwọ́ ara rẹ̀ da orin náà kọ, nígbà tí ó jẹ́ olórí àwọn olórin ní ààfin Ọmọ-Aládé Leopold ní ìlú Köthen, ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dágbó ṣe; ṣùgbọ́n Bach, ọmọ ìdílé tí orin jẹ́ iṣẹ́ àjogúnbá fún láti ìran dé ìran, gbin igi kan síbẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ yóò búra pé inú igbó ni òun wà.

Orin ijó mẹ́rin ni ó ṣáájú rẹ̀ nínú Partita náà, Allemanda, Corrente, Sarabanda àti Giga, òun nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ijó àtijọ́ ni chaconne, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ìgbésẹ̀ kejì sì ni Bach ti mú un bẹ̀rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí etí kọ́kọ́ ń wá ilẹ̀ tí yóò tẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju bar mẹ́rin lọ, ìgbésẹ̀ mẹ́ta nínú bar kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ tí ń ti D rìn lọ sí A. Bar mẹ́rin yìí ni ó ń padà wá nígbà 64, tí àrà mìíràn sì ń gorí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn onídùndún rí kò ní ṣàì mọ irú ètò bẹ́ẹ̀: gúdúgúdú àti omele á di ìlù kan mú, wọn kò ní jẹ́ kí ó bọ́, ìyáàlù á sì máa fọhùn lórí rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni Bach di ẹrù méjèèjì lé ní tirẹ̀, nígbà púpọ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ náà kì í tilẹ̀ dún síta, tí olùgbọ́ ní láti máa fi ọkàn gbé e. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Kíì D minor ni orin náà wà, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. G, D, A àti E ni okùn mẹ́rin fáyólíìnì. D àti A, tí í ṣe òpó kíì yìí, ń dún gbalagada láìjẹ́ pé ìka tẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn bar 132 ni ojú ọjọ́ yí padà sí D major, fún bar 76, níbi tí ohùn kan náà ti ń kanlẹ̀kùn léraléra lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta. Lójú tèmi, kò sí ibi tí ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo iṣẹ́ Bach fún ohun èlò yìí. D minor tún padà gba ilé rẹ̀, D nìkan ni ó sì parí rẹ̀, láìsí ohùn kẹta inú kíì náà tí yóò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá minor ni tàbí major.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn okùn fáyólíìnì gbé orí lé tẹ̀ kọrọdọ, nítorí náà ọrun tí a fi ń fà á kò lè di gbogbo okùn mẹ́rin mú lẹ́ẹ̀kan náà. Olórin ní láti fọ́ ohùn mẹ́rin sí méjì-méjì, kí etí tó tún wọn so pọ̀. Láti bar 89 lọ, Bach fi àpẹẹrẹ díẹ̀ hàn, ó kọ «arpeggio», ó sì to àwọn ohùn jọ sílẹ̀ gbọọrọ, kí olúkúlùkù wá bí yóò ti tú wọn ká.

Bach kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìyára. Àwo tí Jascha Heifetz fi fáyólíìnì ṣe ní 1952 gba bí ìṣẹ́jú 13. Bí a bá pín gbogbo ìgbésẹ̀ orin náà sí iye ìṣẹ́jú yìí, bí ìgbésẹ̀ 59 ni ó bọ́ sí ìṣẹ́jú kan. Hilary Hahn, nínú àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1997, lò ju ìṣẹ́jú 17 lọ, èyí tí kò ju bí ìgbésẹ̀ 45 lọ. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, bẹ́ẹ̀ àwa ń sọ pé bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà! Nítorí náà nọ́ńbà ìyára tí a bá rí lára àwo kan, ti ẹni tí ó fà á ni, kì í ṣe ti Bach. Nọ́ńbà náà tilẹ̀ jẹ́ ìpíndọ́gba lásán, nítorí olórin a máa sáré níbi tí ohùn wẹ́wẹ́ bá pọ̀, a sì máa fà níbi tí ohùn mẹ́rin bá dì pọ̀.

Kíì pàápàá kò dúró sójú kan. Lóde òní, A sábà máa ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n àwọn tí ń lo fáyólíìnì ìgbà àtijọ́ pẹ̀lú okùn ìfun ẹran, irú Sigiswald Kuijken ará Bẹ́ljíọ̀m, a máa dín in kù sí 415. Ẹ̀rọ tí ó bá ń wọn ohùn irú àwo bẹ́ẹ̀ yóò sọ pé C-sharp minor ni.

Àwọn kan ń sọ pé orin ọ̀fọ̀ ni, nítorí Maria Barbara, ìyàwó Bach, kú ní oṣù Keje ọdún 1720 nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá Ọmọ-Aládé lọ sí Carlsbad. Bach kò fi ìwé kankan sílẹ̀ tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn olórin mìíràn ti tún orin náà kọ fún píánò: Brahms sọ ọ́ di ti ọwọ́ òsì nìkan, Busoni sì sọ ọ́ di ti ọwọ́ méjèèjì. Lórí fáyólíìnì, Yehudi Menuhin ni ó kọ́kọ́ gba gbogbo orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún fáyólíìnì kan ṣoṣo tí ó wà nínú ìwé ọdún 1720 náà sílẹ̀ sínú àwo, láàárín 1934 sí 1936. Ní tèmi, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká ju àwo kan lọ, kí ó wá èyí tí Nathan Milstein ṣe ní 1973: kò sáré, kò falẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ náà kò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rárá.