Másùnmáwo, Àròkàn àti Ìdoríkodò: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Àìsàn Ọkàn Lọ́kùnrin àti Lóbìnrin

Nígbà tí George Brown àti Tirril Harris tẹ ìwé wọn jáde ní ọdún 1978 lórí bí ìgbé ayé ṣe ń fa àìsàn ìdoríkodò, obìnrin 458 tó ń gbé Camberwell wà lára àwọn tí ìwádìí wọn dá lé, ìyẹn àgbègbè gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí Peckham jẹ́ apá kan rẹ̀ títí tí wọ́n fi tún ààlà ìjọba ìbílẹ̀ pín ní ọdún 1965, tí kò sì jìnnà sí Stockwell. Wọ́n rí i pé àdánù ńlá tàbí ìṣòro tí kò tán bọ̀rọ̀ ló sábà máa ń ṣáájú àìsàn náà, ṣùgbọ́n pé láàrin àwọn tí irú rẹ̀ bá, ó tètè máa ń mú obìnrin tí kò ní ẹni tí ó lè finú hàn, tàbí tí ó pàdánù ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún 11, tàbí tí ó ní ọmọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 14, tàbí tí kò níṣẹ́ níta.

Kí àbájáde yìí tó lè yé ni ní Yorùbá, ó yẹ kí òǹkọ̀wé ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ohun aninilára ni ìṣòro tó wà níta ara. Másùnmáwo ni ìdáhùn ara àti ọpọlọ sí i, nígbà tí họ́mọ́ọ̀nù kọ́tísọ́ọ̀lù bá ń jáde láti inú ẹ̀yà ara kékeré tó jókòó lé kíndìnrín lórí. Bí ìdáhùn náà bá sì gba ọ̀sẹ̀ àti oṣù láìrọlẹ̀, másùnmáwo ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni orúkọ tó bá a mu. Bí wọ́n bá pe gbogbo rẹ̀ ní wàhálà, kò ní ṣeé sọ pé ohun aninilára kan náà lè bá ọkùnrin àti obìnrin, kí ara wọn sì dáhùn lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹni tí èèyàn lè finú hàn ni Yorùbá ń pè ní alábàárò, ọ̀rọ̀ yìí sì níye lórí gan-an, nítorí pé rírò tó wà nínú rẹ̀ náà ló wà nínú àròkàn, ìyẹn kí ọkàn máa padà sórí ìbànújẹ́ kan náà láìsinmi, èyí tí òwe so pọ̀ mọ́ ẹkún àsun-ùn-dá. Àròkàn ni Susan Nolen-Hoeksema, onímọ̀ nípa ìrònú òun ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi ṣàlàyé ní ọdún 1987 ìdí kan tí ìdoríkodò fi ń mú obìnrin tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ọkùnrin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè: obìnrin a máa ro àròkàn, ọkùnrin a máa wá ohun tí yóò gbé ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Stockwell, tí ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, lè wà láàrin èrò ní ṣọ́ọ̀ṣì láìní alábàárò kan, ẹni tó bá sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ̀rẹ́ lásán kò ní rí àìní náà.

Ìmọ̀ nípa ọpọlọ fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé àlàyé rẹ̀ nípa másùnmáwo lé akọ eku. Lọ́dún 2010, Debra Bangasser, Rita Valentino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé bí ohun aninilára bá dé bá akọ eku, ojú ìgbàhìn tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ fi ń gba kẹ́míkà tó ń kéde másùnmáwo máa ń wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ, tí ìkéde náà fi ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n pé ti abo eku kì í wọlé bẹ́ẹ̀. Yorùbá ń pe ẹranko ní akọ àti abo, ó ń pe ènìyàn ní ọkùnrin àti obìnrin, ààlà yìí kò sì ní jẹ́ kí òǹkọ̀wé tètè sọ ọ̀rọ̀ abo eku di ti obìnrin Peckham. Ènìyàn ní ẹ̀rí tirẹ̀: lọ́dún 2017, Benoit Labonté, Eric Nestler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ ọpọlọ àwọn òkú wò, wọ́n sì rí i pé àwọn jíìnì tí iṣẹ́ wọn yí padà lára àwọn obìnrin tí ìdoríkodò ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ti àwọn ọkùnrin.

Ọ̀rọ̀ ìdoríkodò fúnra rẹ̀ ló ṣì kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé ẹni tó sorí kọ́, tí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ni ó ń mú wá síni lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ìbínú àti ọtí ni àìsàn náà sábà máa ń bá yọ lára ọkùnrin, àwọn ọkùnrin ló sì tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn ní England àti Wales. Ìwé ìléwọ́ Yorùbá fún ilé ìwòsàn ọpọlọ Maudsley, tó ti ń tọ́jú aráàlú ní Denmark Hill ní Camberwell láti ọdún 1923, yóò ṣe ọkùnrin láǹfààní jù lọ bí ó bá pe ìṣòro náà ní àìsàn ìdoríkodò, kì í ṣe ìdoríkodò lásán, tí ó sì kọ́kọ́ bi í léèrè nípa oorun, ọtí àti ìbínú kí ó tó bi í bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́.