Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Kì í Ṣe Ìwọ̀fà

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní àtẹ́líè ilẹ̀ wa lónìí, ì báà jẹ́ ti aránṣọ, ti mẹkáníìkì, ti káfíńtà tàbí ti onídìrí. Àwọn ọ̀gá á ní: “Ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù. Bí o bá bá wọn wí lónìí, lọ́la wọ́n ti gun ọ̀kadà, wọ́n ti di zémidjan.” Àwọn ọ̀dọ́ náà ní èsì tiwọn: “Ọ̀gá kì í ṣàlàyé. Omi là ń pọn, ọmọ là ń gbé, ọdún sì ń lọ.” Ta ló jàre? Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ ká bojú wẹ̀yìn díẹ̀, torí ẹjọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Láyé àwọn baba ńlá wa, inú agbo ilé ni iṣẹ́ wà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ á máa fi ẹwìrì finná fún baba rẹ̀ kí ó tó mọ òòlù gbé. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà á jókòó ti àgbà tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu kò pọ̀. Kí ló dé tí ìdákẹ́ yẹn kò fi lé ọmọ sá? Ìdí ni pé ọmọ náà mọ̀ pé ilé òun ni, irinṣẹ́ baba òun yóò di ti òun lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ èrè rẹ̀ fún un.

Ọmọ ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ọmọ fi lè wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀: kí ó wá kọ́ṣẹ́, tàbí kí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà. Bí baba bá yá owó, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dúró lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé orí owó náà, gbèsè gan-an kò dín. Bó lo ọdún mẹ́wàá, tí a kò bá tíì san owó, ibẹ̀ ló ṣì wà. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ láàárín ìlú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí bí àkókò ṣe lè tú u sílẹ̀. Owó nìkan ló lè ṣe é.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ìwọ̀fà ń san èlé, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń gba ìmọ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń bá ọ̀gá ṣe jẹ́ ara ohun tó fi ń ra ìmọ̀ yẹn, torí náà ọjọ́ ìparí rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn Àgùdà ló tún fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ ẹnu níṣẹ́ tó ń ṣe. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa padà wá láti Brazil. Wọ́n dé Èkó, Àjàṣẹ́, Wídà àti Agoué. Iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ẹrù tí wọ́n gbé bọ̀: ilé mímọ, iṣẹ́ káfíńtà, aṣọ rírán. Ní Èkó, João Baptista da Costa tó jẹ́ ọ̀gá mọlémọlé àti Sanusi Aka ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ní Àjàṣẹ́, ẹ lọ wo Mọ́sálásí Ńlá: ojú rẹ̀ dà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia.

Irú ilé yẹn kì í ṣe ohun tí ọmọ tó dàgbà sínú ilé alámọ̀ lè fi ojú lásán kọ́. Ọ̀gá ní láti ṣàlàyé ìdí tí ògiri fi nípọn níhìn-ín, tí ojú fèrèsé fi tẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ lè má ti agbo ilé kan náà wá, ẹ̀sìn wọn sì lè yàtọ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò bá àwọn tó kọ́kọ́ dé kú. Àwọn tí wọ́n kọ́ ló gbé e lọ.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nǹkan yí padà ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn báńkì wó, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba kò wọlé mọ́, títí tí Àpérò Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè fi wáyé ní Kútọnu ní oṣù Kejì 1990. Àsìkò yẹn náà ni zémidjan gbilẹ̀. Àwọn tó ti lọ ilé-ẹ̀kọ́, tí wọn kò rí iṣẹ́ ìjọba mọ́, wá ń yan láàárín àtẹ́líè àti ọ̀kadà. Ọ̀kadà ń mú owó wálé lálaalẹ́. Àtẹ́líè ń ní kí wọ́n dúró, kò sì sọ títí dìgbà wo. Ṣé ìyàlẹ́nu ni bí ọmọ bá yan ọ̀kadà?

Ìjọba náà rí i. Láti 2005 ni àṣẹ ìjọba ti fi ìwé-ẹ̀rí CQP lélẹ̀, kí ọmọ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ó sì máa lọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú. CQM náà wà fún àwọn tí kò kàwé púpọ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí kò lè bá ọmọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá ló lè ṣe é.

Ibi tó dùn wá jù nìyí. A ti rí ọmọ tó mọṣẹ́ tán, tó ń ránṣọ fún oníbàárà láìsí ọ̀gá nítòsí, síbẹ̀ tí kò lè lọ torí pé kò rí owó ayẹyẹ ìgbòmìnira, èyí tí wọ́n ń fi Faransé pè ní libération: owó ọ̀gá, ọtí, oúnjẹ, aṣọ ẹgbẹ́. Ọdún kan kọjá, ó di méjì. Àkókò rẹ̀ ti pé, owó nìkan ló kù tó lè tú u sílẹ̀. Ẹ̀yin ará wa, kí la ń pe ẹni bẹ́ẹ̀? Àwọn baba wa ní orúkọ fún un.

A kò sọ pé ẹ̀bi ọ̀gá nìkan ni. Ìkánjú àwọn ọ̀dọ́ kan pọ̀ lóòótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ sì nílò ọdún. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí ọmọ dúró, kí ó sọ iye ọdún àti iye owó ìgbòmìnira níwájú òbí àti ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ó máa sọ ìdí iṣẹ́ fún ọmọ, kì í ṣe “ṣe é bẹ́ẹ̀” nìkan. Bí ọjọ́ bá sì pé, kí ó súre fún un, kí ó jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ṣẹ́ rí, àti ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ bá wa dá sí i: ṣé wọ́n sọ ọjọ́ ìparí fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ̀yin náà ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ yín? A ń retí yín.