Asọ̀rọ̀mágbèsì: Iṣẹ́, Ìròyìn àti Ọ̀rọ̀ Ojúde Ilé ní Ìbàdàn

Orúkọ tí Yorùbá fún rédíò, bí ẹ̀sùn ló rí. Asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì. Láwùjọ tí ìkíni kọ̀ọ̀kan ti ní èsì tirẹ̀, níbi tí apàlọ́ kì í ti í tẹ̀ síwájú àyàfi bí àwọn ọmọdé bá dá a lóhùn pé "Àlọ̀!", ohun tí ń dá sọ̀rọ̀ láìdúró gbọ́ ti ẹnìkejì kò yàtọ̀ sí aláfojúdi. Ìtàn ìlú Ìbàdàn sì fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ kò gbà kí ọ̀rọ̀ parí sẹ́nu ẹ̀rọ.

Kí ẹ̀rọ náà tó dé, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Kírìjì tú ká ní 1893, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń jẹun nídìí ogun gba oko lọ, kòkó sì di iṣẹ́ wọn. Nínú ìlú, iṣẹ́ kò jìnnà sí ilé. Ahunṣọ a na òwú gbọọrọ sí ojúde, alágbẹ̀dẹ a jókòó ti ẹwìrì, aláró a dúró ti ìkòkò rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá kò gbọdọ̀ kọjá lásán. Bó bá kan aláró, yóò ní "Àrẹ̀dú o!", aláró náà yóò sì dáhùn. Láti inú ìkíni ni wọ́n ti ń bọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìlú: iye tí wọ́n ń ra kòkó, ẹni tó jẹ gbèsè, ohun tí baálẹ̀ sọ. Ìròyìn kò tíì ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ nígbà náà. Ìdí iṣẹ́ ẹlòmíràn ló ń gbé.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Aṣọ àti irinṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè bá a dé, wọ́n sì ń bá ahunṣọ àti alágbẹ̀dẹ du oníbàárà. Iṣẹ́ ahunṣọ kò kú, nítorí ọjà Ọ̀jẹ́ ṣì lórúkọ nídìí aṣọ òfì títí di òní. Àmọ́ ọmọ ahunṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ awakọ̀ àti iṣẹ́ akọ̀wé, àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń jáde nílé lọ ṣe. Bí iṣẹ́ ṣe ń kúrò ní ojúde, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń wá ibòmíràn jókòó.

Ó rí i nídìí àpótí kan. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò láti ilé dé ilé ní Èkó. Ní 1939, ó kan Ìbàdàn. Rediffusion ni wọ́n ń pè é. Kò sí pé ẹnì kan ń yan ilé iṣẹ́ tó wù ú: bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án, tí wọ́n fi ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, ni gbogbo àṣẹ tí onílé ní lórí rẹ̀. Bí kì í ti í ṣe gbogbo ilé ló ní in, àwọn aládùúgbò a máa péjọ sí ìdí ti ẹni tó ní. Àpótí náà kò gba èsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó yí i ká ń fún ara wọn lésì, ariwo wọn a sì máa bo ti agbóhùnsáfẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò ka ìyẹn kún.

Àìgbèsì yìí kan náà ló bí amóhùnmáwòrán Ìbàdàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Ọ̀rọ̀ náà dàrú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group fi ìjókòó sílẹ̀, gómìnà John Macpherson sì bọ́ sórí rédíò, ó di ẹ̀bi ru ẹgbẹ́ náà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun láàyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un. Nígbà tí òfin ìjọba ti 1954 gba àwọn ẹkùn láyè láti dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn múra sí i, amóhùnmáwòrán WNTV sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ni ilé iṣẹ́ náà pe ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mòrókò àti Àlùjíríà ti tan tiwọn ṣáájú.

Láàárín ìgbà náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà sì fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Ọmọ tó yẹ kó jókòó ti òfì bàbá rẹ̀ ti wà ní kíláàsì.

Àṣìṣe ni yóò jẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹ̀rọ náà gba èsì nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀. Wọ́n dìbò ní ẹkùn náà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé èrú ni. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tó yẹ kí rédíò gbé ọ̀rọ̀ Ládòkè Akíntọ́lá jáde, ẹnì kan wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tìbọntìbọn, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó ní kí Akíntọ́lá kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀, adájọ́ sì dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ti ròyìn ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀, You Must Set Forth at Dawn, ti 2006. Àwọn tí kò lè dé ilé iṣẹ́ rédíò ń fi epo bẹntiróòlù àti iná fèsì ní òpópónà. Wẹ́tìẹ̀ ni orúkọ tí ìgbà náà ń jẹ́.

Àwọn àgbẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Láàárín 1968 sí 1969, owó orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, iye tí wọ́n ń gba lórí kòkó kéré, àwọn agbowó orí sì ń fi ìyà jẹ wọ́n. Ìjọba ló ni rédíò, ìjọba ló ni ìwé ìròyìn Sketch. Ẹnu àti ẹsẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ní. Ìpàdé abúlé sí abúlé ni Àgbẹ̀kọ̀yà fi dìde. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Awólọ́wọ̀, tó ti di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, ló lọ bá Tàfá Adéoyè ní Akàǹràn láti bá a jíròrò, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ẹni tí wọ́n fi èsì dù ní 1953 ló rìn lọ gbọ́ èsì yìí ní abúlé.

Ohun tó tẹ̀lé e kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà sí mẹ́ta ní 1976, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó lọ sí Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́. Ìjọba àpapọ̀ gba amóhùnmáwòrán. Wọ́n tú àjọ tí ń ra kòkó ká ní 1986. Nígbà tí iṣẹ́ oṣù kò ká ilé mọ́, ọ̀pọ̀ padà sí ojúde, ṣùgbọ́n tábìlì ọjà ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, kì í ṣe òfì.

Òfin ti 1992 ló gba aládàáni láyè láti dá rédíò sílẹ̀, tẹlifóònù alágbèéká sì dé ní 2001. Bí ìwọ̀nyí ṣe pàdé, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í gba èsì. Láàárọ̀ kùtù, télọ̀, ọlọ́kadà àti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń pe ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn láti sọ tẹnu wọn lórí ọ̀nà tó bàjẹ́ àti owó iná tó pọ̀ jù. Síbẹ̀, ẹni tó bá pè ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní, atọ́kùn ètò lè já a nígbà tó bá fẹ́, ẹni tí kò bá sì ní owó lórí tẹlifóònù rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Lórí WhatsApp àdúgbò, ilé mẹ́ta síra wọn lè máa jiyàn títí di òru láìrí ojú ara wọn. Níwájú tábìlì fẹ́ńdọ̀, níbi tí ìwé ìròyìn ti ń dín kù lọ́dọọdún, àwọn tí kò ní ra ẹyọ kan ṣì ń dúró ka àkọlé iwájú, wọ́n sì ń já ara wọn nírọ́ lójúkojú.