Àgbà Kì í Sáré Nínú Ẹ̀gún Lásán: Ọ̀rọ̀ Ọmọ Èkìtì tó Fẹ́ Gboyè Nínú Ìmọ̀ Eré Ìdárayá

Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Eré méjì ló wà nínú òwe yìí: èyí tí ènìyàn fi ń lé nǹkan, àti èyí tí nǹkan fi ń lé ènìyàn. Lójú ẹni tó dúró lókèèrè, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Òógùn ń bọ́, ẹ̀gún ń ha ni lára, ẹsẹ̀ kò balẹ̀. Ẹni tó ń sáré nìkan ló mọ èyí tí òun ń sá, ìyẹn ló sì máa ń sọ ibi tí eré náà yóò já sí.

Mo máa ń rántí òwe yìí bí àsìkò JAMB bá ti dé sí Ìdó-Èkìtì, sí Ìfàkì, sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó bá ara wọn ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Human Kinetics, wọn kò lé nǹkan kan débẹ̀. Máàkì ló lé wọn. Ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù, máàkì kò gbé e. Wọ́n yí i sí nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ti kún. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní kàfé á wá ní, "Human Kinetics ṣì wà o, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?" Bàbá á béèrè lórí fóònù pé kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọmọ á dáhùn pé, "Wọ́n ní eré sísá ni, Dádì." Ní Èkìtì níbí, tí a ti ń ka ọ̀jọ̀gbọ́n bí ẹni ka ilé, ta ni yóò fẹ́ sọ ní ìpàdé ẹbí pé eré sísá ni ọmọ òun lọ kọ́ ní yunifásítì?

Bàbá kò jẹ̀bi, nítorí ọmọ gan-an kò mọ ohun tó ń lọ kọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ìdánwò kan ṣoṣo nínú èyí tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Brouha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard, Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1943. Bẹ́ǹṣì kan ni, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ínṣì 20. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa gùn ún, á máa sọ̀ kalẹ̀, ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 5 gbáko. Tó bá parí, á jókòó. Lẹ́yìn tó bá ti sinmi fún ìṣẹ́jú 1, ẹnì kejì rẹ̀ á fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, á ka bí iṣan ṣe ń lù fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Á tún kà á nígbà tó bá pé ìṣẹ́jú 2, á tún kà á nígbà tó bá pé ìṣẹ́jú 3. Ká ní ó ka 70, lẹ́yìn náà 60, lẹ́yìn náà 50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 360. Ìṣẹ́jú 5 tó fi gun bẹ́ǹṣì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 300. Ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 30,000. Ẹ fi 360 pín in, ẹ ó rí 83. Ara ẹni yẹn dá ṣáṣá. Ẹni tó bá ré kọjá 90 ló ta gbogbo wọn yọ. Ẹni tí kò bá tó 55, kí ó lọ wá nǹkan ṣe sí ara rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìdánwò yìí ni pé kò bìkítà nípa bí àyà ṣe ń lù kì-kì-kì nígbà tí ènìyàn wà lórí bẹ́ǹṣì. Bí ọkàn ṣe tètè rọlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ló ń wò. Ọkàn tó lágbára ń ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà kì í pẹ́ san gbèsè afẹ́fẹ́ tí iṣan ti jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé èyí dé gbòǹgbò gbọ́dọ̀ mọ bí egungun àti iṣan ṣe so pọ̀, bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó sì mọ ìṣirò tí wọ́n fi ń wọn ènìyàn púpọ̀ pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìmọ̀ ọkàn eléré ìdárayá, ètò ìdíje, ìtọ́jú pàjáwìrì, àti eré fún àwọn tí ara wọn kò pé. Wọ́n á sì tún lọ sórí pápá. Ọmọ tó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ Biology, ibẹ̀ gan-an ni Biology yóò ti dè é mọ́lẹ̀.

Níbo wá ni ọmọ agbègbè wa lè gbà? Ọ̀kan tó wà nítòsí wa ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, EKSU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982. Ẹ̀ka Human Kinetics and Health Education wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọ̀tùn lọ sí Ìlọrin yóò bá ẹ̀ka Human Kinetics Education ní yunifásítì tó wà níbẹ̀. Ìbàdàn, Ifẹ̀, UNILAG àti LASU náà ń kọ́ni ní irú ìmọ̀ yìí, bí orúkọ tí kálukú pè é tilẹ̀ yàtọ̀. Nsukka ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fúnni lóyè nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní àárín ọdún 1960 sí 1969. Kíredíìtì 5 ni wọ́n sábà máa ń béèrè, tí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti Biology yóò wà nínú rẹ̀. Ọdún 4 ni fún ẹni tó gba JAMB wọlé; ẹni tó ti ní NCE lè gba Direct Entry kó bẹ̀rẹ̀ láti ipele 200.

Àṣìmú kan wà tí mo fẹ́ kí a mú kúrò lọ́nà. Ìdó ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà. Ní 2014 ni wọ́n gbé e ga dé ipò yẹn. Àwọn ọmọ wa ń rí àwọn tó ń kọ́ aláìsàn rọpárọsẹ̀ ní ìrìn níbẹ̀, wọ́n sì rò pé Human Kinetics ni ọ̀nà àbùjá síbẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Físíótẹ́rápì niṣẹ́ yẹn. Lábẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn ló wà, kò dín ní ọdún 5, àjọ ìjọba tirẹ̀ ló sì ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti 1966 ni Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní i; Ifẹ̀ àti UNILAG náà ń kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń ti ẹnu ọ̀nà Human Kinetics dé ibẹ̀, àfi tó bá lọ kọ́ físíótẹ́rápì fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti Human Kinetics náà wà, ọ̀pọ̀ ni kò sì tíì rí i. Dókítà á sọ fún ìyá àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà pé kí wọ́n máa ṣe eré ìmárale. Ìyá á padà sí Ùsì, wọn kò mọ èwo, wọn kò mọ mélòó, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé àwọn yóò ṣubú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má ṣe dín ní ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, èyí tí kò le jù. Ta ni yóò fọ́ ìṣẹ́jú 150 yẹn sí wẹ́wẹ́ fún wọn, kí ó sì máa ṣọ́ wọn? Ẹni tó mọ ìdánwò bẹ́ǹṣì yẹn, tó sì mọ ìgbà tí kò yẹ kí a gbé e fún àgbàlagbà, lẹni tó yẹ. Èmi ò rí ìdí tí ìlú ńlá bí Ìdó tàbí Ìkọ̀lé kò fi ní ní ilé iṣẹ́ méjì mẹ́ta tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń tọ́ àwọn ènìyàn sọ́nà.

Ní ti ẹni tó fẹ́ di gbajúmọ̀ lórí pápá, oyè kọ́ ni yóò gbé e débẹ̀. Olúyẹmí Káyọ̀dé, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré Adó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi wà nínú ikọ̀ asáré tó gba fàdákà fún Nàìjíríà ní ìdíje Olympics ní Barcelona ní 1992, ọdún méjì kí ìjàm̀bá ọkọ̀ tó pa á ní Amẹ́ríkà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ń gbá bọ́ọ̀lù, ìmọ̀ ẹ̀rọ ló kà ní Pólì Ìbàdàn. Adégbóyè Onígbìndé ló wá yàtọ̀: tíṣà ni kó tó di kóòṣì tó kó Super Eagles lọ sí ife àgbáyé 2002. Ẹni tó fẹ́ ṣe kóòṣì lè wo ilé ẹ̀kọ́ National Institute for Sports ní Èkó pẹ̀lú. Ní ti ìmọ̀ ìgbafẹ́ (recreation), ẹ̀ka tó dá dúró fún un kò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Abẹ́ àwọn ẹ̀ka tí mo ti dárúkọ ló ń fi ara pamọ́ sí, bí omi gbígbóná Ìkògósì tilẹ̀ wà tó ń dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n bójú tó.

Ilé ẹ̀kọ́ lọ̀pọ̀ àwọn tó bá gboyè nínú ìmọ̀ yìí yóò ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti bàjẹ́ jù. WHO ní kí ọmọdé máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń rí ni àkọ́sílẹ̀ ojú pátákó nípa ìtumọ̀ eré ìje, ní wákàtí tí ó yẹ kí wọ́n wà lórí pápá. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ fún àwọn tíṣà wọ̀nyí ní pápá àti àkókò, kí ẹ má sì máa gba wákàtí wọn fún ìṣirò bí ìdánwò bá ti kù díẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ tó tẹ bọ́tìnnì ní kàfé, ẹ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì náà bóyá B.Ed., B.Sc. (Ed.) tàbí B.Sc. lásán ni wọn yóò fún un. Ẹni tó bá gba B.Sc. lásán, tó sì fẹ́ ṣe tíṣà, yóò tún lọ ka PGDE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti gboyè, kí TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀, tó gbà á.