Agbábọ́ọ̀lù Iwájú Tí Kì í Fọwọ́ Kan Bọ́ọ̀lù

Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 2024, New England Patriots lọ bá Chicago Bears nílé wọn ní Soldier Field, wọ́n sì nà wọ́n ní 19 sí 3. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Arizona ti na Bears ní 29 sí 9. Nínú eré méjèèjì, kò sí ọmọ Bears kan tó gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá. Ìwọ̀nba àmì tí wọ́n rí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbá a gba àárín òpó méjì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti yọ Shane Waldron nípò, ọ̀gá tó ń pète bí bọ́ọ̀lù ṣe máa rìn.

Ó rọrùn láti sọ èsì yìí ní Yorùbá. Ìdí rẹ̀ ló ń gbani lákòókò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ lórí rédíò á kọ́kọ́ nawọ́ sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, torí ìyẹn ti wà nílẹ̀, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu: akọ́nimọ̀ọ́gbá, aṣọ́lé, atamátàsé, àmì ayò, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gún régé ni gbogbo wọn. Atamátàsé nìkan tó kéwì lé lórí. Ṣùgbọ́n tí a bá kó wọn bẹ́ẹ̀ wọnú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, irọ́ ni a ó máa pa fún olùgbọ́, àwa fúnra wa ò sì ní mọ̀.

Ẹ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Eré tó jẹ́ pé àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kò ju ẹni méjì lọ nínú ikọ̀, tí àwọn méjì ọ̀hún kì í sì í pẹ́ lórí pápá, ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ fi wọn ẹsẹ̀? Eré ni mo ń pè é, ó parí. Agbábọ́ọ̀lù náà ní wàhálà tirẹ̀, torí wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù yìí, gbígbé ni wọ́n ń gbé e. Fáwẹ́lì kan ṣoṣo ló wà láàárín agbábọ́ọ̀lù àti agbébọ́ọ̀lù, gbogbo ìyàtọ̀ eré méjèèjì sì wà nínú fáwẹ́lì yẹn. Nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ méjì ló wà tí wọn kì í jọ wà lórí pápá: tí bọ́ọ̀lù bá kúrò lọ́wọ́ wọn, ẹni 11 á jáde, ẹni 11 mìíràn á wọlé. Èyí tó ń gbé bọ́ọ̀lù ni mo pè ní ọ̀wọ́ agbébọ́ọ̀lù. Èyí tó ń dá àwọn ẹlòmíì dúró, ọ̀wọ́ adádúró. Ẹnì kan lè sọ pé òun gbọ́ agbébọn nínú agbébọ́ọ̀lù. Kò parọ́. Àmọ́ ìkọlù, tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, burú jù ú lọ. Nínú ìwé ìròyìn wa lóde òní, ìkọlù kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú pátápátá ni iwájú àti ẹ̀yìn. Lọ́dọ̀ wa, agbábọ́ọ̀lù iwájú ló ń wá góòlù, tẹ̀yìn ló ń ṣọ́ ilé. Tí góòlù bá wọ́n, gbogbo wa la mọ ẹni tí a máa bú. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹni márùn-ún tó wà níwájú pátápátá nínú ọ̀wọ́ agbébọ́ọ̀lù, tí wọ́n lóṣòó ní ìfojúkojú pẹ̀lú alátakò, àwọn ló tóbi jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wúwo ju kílò 135 lọ. Àwọn náà ni wọn kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, àyàfi ẹni àárín wọn, tó ń tì í gba abẹ́ itan sẹ́yìn láti fi bẹ̀rẹ̀ eré. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n dí alátakò lọ́nà, fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kí kọ́tábáàkì tó dúró sẹ́yìn wọn lè ráyè wòye, kó ju bọ́ọ̀lù, tàbí kó fi lé ẹni tó máa gbé e sáré lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ wọn. Iwájú ni ààbò wà, ẹ̀yìn ni àmì ti ń wá. Tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan bá wá sọ pé iwájú Chicago ló bàjẹ́, òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ọ ní Òṣogbo á máa bú Rome Odunze, ọ̀dọ́ tó ń sá lọ sókè láti gba bọ́ọ̀lù, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Kí la máa wá pe àwọn márùn-ún yìí? Ògiri ti níṣẹ́ tirẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbá fíríkíìkì. Yàtọ̀ síyẹn, ògiri kì í rìn, àwọn wọ̀nyí sì máa ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ méjèèjì níwájú, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè. Aṣọ́gbà ì bá dára, nítorí àyè kékeré tí wọ́n pa yí kọ́tábáàkì ká jọ ọgbà lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ aṣọ́gbà, ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ọgbà òdòdó ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Adínà ni mo fara mọ́. Kò sí nǹkan kan nínú adínà tó sọ pé bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, kò sì ṣòro fún ọmọdé láti tú palẹ̀. Ọgbà, mo fi sílẹ̀ fún àyè náà fúnra rẹ̀: kọ́tábáàkì wà nínú ọgbà, ọgbà wó, ó sá jáde nínú ọgbà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún eré Patriots sọ. Adínà tó ń ṣọ́ etí òsì, Braxton Jones, àti ti etí ọ̀tún, Darnell Wright, ti ṣèṣe. Àwọn méjèèjì kò wọ pápá. Àwọn tó rọ́pò wọn kò dí ọ̀nà tó bó ṣe yẹ. Ọgbà ń wó kí Caleb Williams, kọ́tábáàkì Bears, tó gbójú sókè. Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n dá a lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀, ikọ̀ kan náà yìí, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá, lórí pápá Tottenham ní Lọ́ńdọ̀nù, ló na Jacksonville ní 35 sí 16, tí wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú ìṣẹ́gun mẹ́rin nínú eré mẹ́fà. Kọ́tábáàkì kan náà ni. Waldron kan náà ni apète.

Dá, inú ìjàkadì ni mo ti mú un. Ẹni tí a bá dá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kanlẹ̀, gbogbo ayé á sì hó. Kò sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tó sún mọ́ ọn, torí rẹfirí á ti fi káàdì pupa lé ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ jáde. Ẹni tó mọ ìtàn Bears á rántí Adewale Ogunleye, ọmọ tí wọ́n bí sí Brooklyn tó sì ń jẹ́ orúkọ Yorùbá gidi, tó wà ní etí ọ̀wọ́ adádúró wọn láti 2004 di 2009. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó já gba ọwọ́ adínà kọjá, kó lọ dá kọ́tábáàkì ẹlòmíì. Ọ̀wọ́ adádúró yẹn ló gbé Chicago dé àṣekágbá ní oṣù kejì ọdún 2007, kí Indianapolis tó nà wọ́n ní 29 sí 17. Ikọ̀ wọn ti sáà 1985, tó na New England ní 46 sí 10 nínú àṣekágbá tirẹ̀, adádúró náà ni àwọn èèyàn ṣì ń ròyìn. Ìlú náà mọ èèyàn-án dá ju bí wọ́n ṣe mọ bọ́ọ̀lù-ú gbé lọ. Títí sáà 2024 fi parí, wọn ò tíì ní kọ́tábáàkì kan tó ju bọ́ọ̀lù tó 4,000 yáàdì ní sáà kan ṣoṣo.

Ní òpin sáà 2024 yẹn, wọ́n ti dá Williams nígbà 68. Nínú ìtàn líìgì náà, ẹni méjì péré ni wọ́n dá jù bẹ́ẹ̀ lọ ní sáà kan: David Carr ti Houston, nígbà 76 ní 2002, àti Randall Cunningham ti Philadelphia, nígbà 72 ní 1986.

Ó ń ṣe mí bíi kí n kó gbogbo ẹ̀bi yìí lé adínà lórí, àmọ́ ìyẹn kò ní tọ́. Kọ́tábáàkì tó bá ń fi bọ́ọ̀lù pẹ́ lọ́wọ́, tó ń retí kí ẹni òkèèrè ráyè nígbà tí ẹni itòsí ti ráyè, ó ń pe wàhálà sórí ara rẹ̀. Williams ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Ọmọ tuntun ni, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo àwọn tó ń jáde ní yunifásítì lọ́dún náà, ó fẹ́ ṣe bẹbẹ. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kan tí a ti ní tipẹ́: hán. Ẹni tó bá gba ohun tí a jù kó tó balẹ̀, ó hán an ni. Odunze, ahánbọ́ọ̀lù ni. Tó bá jẹ́ pé alátakò ló hán an, bọ́ọ̀lù di tiwọn nìyẹn. Jálẹ̀ sáà, ìgbà mẹ́fà péré ni alátakò hán bọ́ọ̀lù tí Williams jù. Fi mẹ́fà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ 68, wàá rí irú ẹni tó jẹ́: kàkà kó ju bọ́ọ̀lù síbi tí kò dá a lójú, á gbà kí wọ́n dá òun.

Èyí tí èdè wa fún mi láìjẹ́ pé mo ṣe làálàá kankan ni iye ìgbà. Ìlànà eré náà ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀wọ́ agbébọ́ọ̀lù ní láti fi rin yáàdì 10. Tí wọ́n bá rìn ín tó, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀kìíní. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin tí ọ̀nà ṣì jìn, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù sọnù sọ́hùn-ún fún àwọn kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni gbogbo nǹkan wà. Tí ẹ̀ẹ̀kìíní àti ẹ̀ẹ̀kejì kò bá mú nǹkan kan wá, tí yáàdì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ṣì kù, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé jíjù ni wọ́n máa jù ú; ọ̀wọ́ adádúró á fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, wọ́n á dà bo ọgbà. Lọ́jọ́ Patriots, Bears dé ẹ̀ẹ̀kẹta nígbà 14. Ẹyọ kan ni wọ́n rí yanjú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan apète. Òun ló ń yan ohun tí wọ́n máa ṣe ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, tó ń fi ránṣẹ́ sí kọ́tábáàkì létí, kí kọ́tábáàkì tó kó àwọn yòókù jọ kí wọ́n forí korí. (Forí korí! Wọ́n ń ṣe é bí Yorùbá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, akoto kan akoto.) Ẹ̀sùn tí mo fi kan Waldron ni pé ó ń pa ète tó ń fẹ́ àkókò fún àwọn adínà tí kò lè dí ọ̀nà pẹ́.

Ète rẹ̀ tó burú jù, ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ló ṣẹlẹ̀, ní Landover, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Washington ní 12, Bears ní 7. Yáàdì kan ló kù kí wọ́n wọlé, ẹ̀ẹ̀kẹta ni. Wọ́n ní kí Williams gbé bọ́ọ̀lù fún Doug Kramer. Adínà ni Kramer. Ẹ̀yìn ni wọ́n tò ó sí lọ́jọ́ náà, kó lè fi ara ńlá rẹ̀ ti bọ́ọ̀lù wọlé. Ó sáré bọ̀, kò rí i dì mú, bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀, ọmọ Washington sùn lé e. Bears ṣì padà gbé bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n fi 15 sí 12 ṣíwájú nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 25. Ni Jayden Daniels, kọ́tábáàkì Washington, bá ju èyí tí gbogbo ayé ń rántí, láti ọ̀nà jíjìn nígbà tí àkókò ti tán, bọ́ọ̀lù ta lọ́wọ́ àwọn kan, Noah Brown hán an, 18 sí 15. Èmi ò bínú ti Daniels, ọ̀rọ̀ orí ni. Ti Kramer ló ń dùn mí, mi ò sì nílò láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹni tó ti mọ ohun tí adínà jẹ́.

Wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí kọ́tábáàkì fi wà bẹ́ẹ̀ láìtú. Rẹfirí ti gba adarí, ajubọ́ọ̀lù sì kéré sí iṣẹ́ rẹ̀. Góòlù ń kọ́, ta ló tú u? Mo gbìyànjú láti fi ọ̀pá rọ́pò yáàdì nítorí àwọn àgbà ń fi ọ̀pá wọn aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè ọ̀pá márùn-ún lọ́wọ́ oníṣòwò aṣọ ní Gbágì tàbí ní Balógun lónìí, ẹ wá sọ ohun tí wọ́n kó fún yín.

Wọ́n yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, Matt Eberflus, lọ́jọ́ kejì tí Detroit nà wọ́n ní 23 sí 20 ní òpin oṣù kọkànlá. Thomas Brown, tó gba iṣẹ́ apète lọ́wọ́ Waldron, ló di ipò náà mú títí sáà fi parí sí ìṣẹ́gun 5 àti ìjákulẹ̀ 12. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n gba Ben Johnson, tó jẹ́ apète Detroit. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹta, wọ́n kó adínà mẹ́ta wọlé: Joe Thuney láti Kansas City, Jonah Jackson láti Los Angeles, àti Drew Dalman láti Atlanta. Mo lè fojú inú rí àkọlé ìwé ìròyìn wa, Chicago ra agbábọ́ọ̀lù iwájú mẹ́ta, àti ọmọkùnrin kan nídìí tẹlifíṣọ̀n tó ń béèrè pé góòlù mélòó ni Thuney gbá ní sáà tó kọjá. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Dalman nìkan lọwọ́ rẹ̀ máa ń kan bọ́ọ̀lù, torí àárín ló wà nígbà náà, òun ló ń tì í sẹ́yìn. Orúkọ iṣẹ́ tirẹ̀ ló ṣì kù. Adínà-àárín kò tẹ́ mi lọ́rùn, kò dárúkọ bọ́ọ̀lù tó ń tì. Atìbọ́ọ̀lù ẹ̀wẹ̀ gbàgbé pé bó ṣe ń tì í tán, ẹni kílò 140 kan ti wà láyà rẹ̀.