Ẹ̀yìn Póòsìkáàdì: Ojú Ìtàn Tí A Ń Bò Mọ́lẹ̀

Nínú pálọ̀ mélòó kan ní Ìpetumodù, ìlú amọ̀kòkò, a ti rí póòsìkáàdì Mẹ́kà, Jerúsálẹ́mù àti Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn arìnrìn-àjò mú bọ̀, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ páálí, tí a sì fi dígí bò. Iwájú rẹ̀ nìkan ni àlejò ń rí. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ìtàn wà.

Ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà, 1869, ni ìjọba Austria-Hungary kọ́kọ́ gbé káàdì ìfìwéránṣẹ́ jáde. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà kí ọ̀rọ̀ àti àdírẹ́sì jọ wà lẹ́yìn káàdì, kí àwòrán lè gba gbogbo iwájú.

Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Edmond Fortier (1862–1928), onífótò ọmọ Faransé tó fi Dakar ṣe ibùjókòó, tẹ èyí tó lé ní 3,000 oríṣi jáde. Ó ya fótò dé Dahomey, níbi tí a ti ń pe Yorùbá ní Nàgó. Picasso pàápàá ní lára káàdì rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀yà tàbí ti ìlú ni ó sábà máa ń wà lábẹ́ àwòrán ènìyàn. A mọ ẹni tó yà á. A kò mọ ẹni tí a yà.

Bẹ́ẹ̀ àwa ni a ń sọ pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè ẹni tó mú káàdì wá, ibi tó ti wá àti ọdún rẹ̀, kí ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ní Yorùbá, kí gọ́ọ̀mù tó bò ó.