ÌTUMỌ̀ MÁKÚRÌ GẸ́GẸ́ BÍ ÀMÌ NÍNÚ ÌMỌ̀ ÁLÍKẸ́MÌ AYÉ ÀTIJỌ́

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Bí èdè àwọn onímọ̀ álíkẹ́mì ayé àtijọ́ ti rí gan-an nìyí. Álíkẹ́mì ni ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn kan ní Íjíbítì, Ṣáínà, Íńdíà, ilẹ̀ Lárúbáwá àti Yúróòpù fi ń wá ọ̀nà láti sọ òjé tàbí bàbà di wúrà, tàbí láti pèsè oògùn àìkú. Nínú àwọn ohun èlò wọn, díẹ̀ ni wọ́n fún ní ìtumọ̀ tó mákúrì. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìṣesí mákúrì fúnra rẹ̀ ni ó bí ìtumọ̀ wọ̀nyí, àti pé nígbà tí àwọn kan gbàgbé pé àmì lásán ni, ikú ni wọ́n fi ṣe èrè.

Ìṣesí Mákúrì
Mákúrì jẹ́ mẹ́tàlì tí ó ń dán bíi fàdákà, ṣùgbọ́n ó ń ṣàn bí omi. Ìdí nìyí tí àwọn Gíríìkì fi pè é ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí fàdákà olómi, tí àwọn ará Róòmù sì pè é ní fàdákà ààyè. Ó wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 13.5, débi pé irin ń léfòó lórí rẹ̀. Bí ó bá kan wúrà, yóò gbé e mì. Bí a bá sì fi iná sí àdàlù náà, mákúrì yóò fò lọ bí èéfín, wúrà yóò sì ṣẹ́kù. Ní nǹkan bí ọdún 315 ṣáájú ìbí Kírísítì, Theophrastus ti ṣàlàyé bí a ṣe ń rí mákúrì láti ara òkúta pupa tí a ń pè ní sínábà: a ó fi ọtí kíkan lọ̀ ọ́ nínú odó bàbà, pẹ̀lú ọmọ odó bàbà.

Àwọn Ìtumọ̀ Rẹ̀
Ìtumọ̀ kìn-ín-ní ni ẹ̀mí. Ní Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 300 lẹ́yìn ìbí Kírísítì, Zosimos ará Panopolis ya ohun tí ó ní ara sọ́tọ̀ sí ohun tí ó jẹ́ ẹ̀mí: èyí tí ó bá fò lọ nígbà tí iná kàn án ni ẹ̀mí.

Ìtumọ̀ kejì ni abo nínú ìgbéyàwó. Nínú àwọn ìwé tí a fi orúkọ Jabir ibn Hayyan mọ̀, imí-ọjọ́ àti mákúrì ni òbí gbogbo mẹ́tàlì. Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí dé Yúróòpù, wọ́n ya imí-ọjọ́ bí ọba tí í ṣe Oòrùn, wọ́n sì ya mákúrì bí ayaba tí í ṣe Òṣùpá. Paracelsus (1493–1541) wá fi iyọ̀ kún un: iyọ̀ ni ara, imí-ọjọ́ ni ọkàn, mákúrì ni ẹ̀mí.

Ìtumọ̀ kẹta ni àìkú. Ní Ṣáínà, Ge Hong (283–343) ṣàkíyèsí pé ewé tí a bá sun yóò di eérú, ṣùgbọ́n sínábà tí a bá sun yóò di mákúrì, mákúrì náà yóò sì tún padà di pupa. Ó wá gbà pé ohun tí iná kò lè pa run yóò fi àìlèparun rẹ̀ ta ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lọ́rẹ.

Nígbà tí Àmì Di Májèlé
Èrò yìí ti wà kí wọ́n tó bí Ge Hong. Qin Shi Huang, ọba aláṣẹ àkọ́kọ́ ní Ṣáínà, wá oògùn àìkú títí ó fi kú ní ọdún 210 ṣáájú ìbí Kírísítì. Òpìtàn Sima Qian kọ ọ́ pé wọ́n fi mákúrì ṣe àwọn odò sínú ibojì rẹ̀, àyẹ̀wò tí a sì ṣe sí ilẹ̀ ibẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989 fi hàn pé mákúrì pọ̀ níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn òpìtàn tún ka ikú àwọn ọba ìdílé Tang bíi Muzong (824) àti Wuzong (846) sí oògùn àìkú tí wọ́n ń lò.

Òótọ́ ni ohun tí Ge Hong fi ojú rí. Ibi tí ó gbà túmọ̀ rẹ̀ ni àṣìṣe wà. Pé nǹkan kò run nínú iná kò sọ pé ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò ní kú. Èéfín mákúrì ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́.

Àgbálọgbábọ̀
Kì í ṣe pé àwọn àgbà wọ̀nyí gọ̀. Ní ọdún 1774, ìyẹ̀fun pupa tí ó ti ara mákúrì jáde ni Joseph Priestley gbóná tí ó fi rí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Lavoisier náà tún un ṣe, ó fi òṣùwọ̀n wọn ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde. Irú ìyípadà tí Ge Hong pè ní àìkú ni òṣùwọ̀n sọ di ìpìlẹ̀ kẹ́mísìrì òde òní. Síbẹ̀, bí àwọn orílẹ̀-èdè tilẹ̀ fẹnu kò ní ọdún 2013 lórí Àdéhùn Minamata láti dín lílo mákúrì kù, àwọn awakùsà kéékèèké ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, ṣì ń fi í kó wúrà jọ, wọ́n sì ń fi iná lé e jáde. Ohun tí Zosimos pè ní ẹ̀mí ni wọ́n ń fà símú. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ṣe ń ka àmì, kí a sì kọ́ wọn ní ibi tí ìtumọ̀ àmì pin sí.